Ọdún tí Dádì Fi Àgbá Ìpaná Ta Mọ́mì Lọ́rẹ

Títí di òní, bí mo bá wọ báńkì tí ojú mi sì bá àgbá pupa tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri, èyí tí wọ́n fi ń paná, àyà mi á kọ́kọ́ já ná. Kì í ṣe pé iná jó ilé wa rí. Kò jó wa rí o, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohun tó ń já mi láyà ni pé irú àgbá bẹ́ẹ̀ gan-an ni bàbá mi fi bébà olódòdó dì, tó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ lọ́rùn, tó sì gbé lé ìyá mi lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ tó pé ọmọ ogójì ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ojú mi ti rí nǹkan látìgbà yẹn. Mo ti lọ sílé ọkọ, mo ti bí ọmọ mẹ́ta, ewú ti gba ẹ̀bá orí mi. Síbẹ̀, n kò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó ojú tí ìyá mi fi wo àgbá yẹn.

Fẹ́sítáàkì là ń gbé, nínú fúláàtì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ilé alájà mẹ́ta kan. Ẹ̀yìn ilé wa ni omi kánáàlì ń gbà kọjá, nítorí náà ọ̀pọ̀lọ́ ló máa ń kọ́kọ́ dún sí wa létí ní ìdájí, kí ìpè àdúrà tó gba orí wọn kọjá láti òdìkejì títì, kí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi sókè fún àwọn ará òkè tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni sálúbàtà Mọ́mì á máa lu ilẹ̀ pá-pá-pá láti yàrá dé kíṣíìnì. Èmi ni mò ń pọn omi kún gbogbo ike ilé, àbúrò mi Bùnmi ni ó ń gbálẹ̀ fáránda. Bó bá di Sátidé, búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn là ń jẹ. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ìrẹsì àti dòdò ni, òórùn dòdò yẹn á sì ti dé ọ̀dọ̀ wa lójú títì kí a tó wọlé láti ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí Mọ́mì máa ń sáré ṣáájú wa délé ni. Gbogbo ìgbà ló ń sáré ṣáájú wa délé. N kò bi ara mi rí pé kí ló dé.

Dádì ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń tọ́jú epo sí ní Sátẹ́láìtì Táùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó máa rìn láàárín àwọn táńkì kí ó sì rí i pé kò sẹ́ni tó tan ìṣáná, kò síbi tí epo ti ń jò, kò sí wáyà tó ṣí sílẹ̀. Nígbà kan, kí wọ́n tó bí Bùnmi, ó rí ibi tí ọkọ̀ epo ti gbiná lójú títì pẹ̀lú àwọn èèyàn nínú. Kò sọ ohun tó rí fún wa. Mọ́mì ló sọ fún wa pé ó délé lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí àga tòun ti bàtà, kò sì bọ́ ọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń ti ẹnu iṣẹ́ dé, kì í kí ẹnikẹ́ni kó tó gbé imú sókè gbóòórùn ilé, kó wá ké pé, "Ta ló wà nídìí sítóòfù?" Ẹni tó wà nídìí sítóòfù náà á dáhùn, a ó tó wá kúnlẹ̀ kí i. Ìkíni ilé wa nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sílé ọ̀rẹ́ mi tí bàbá rẹ̀ wọlé tó kàn ní, "Ẹ káalẹ́ o," ńṣe ni mò ń dúró de ìyókù.

Ẹ̀bùn tó máa ń fún Mọ́mì náà kò yàtọ̀ sí ara rẹ̀. Ọjọ́ ìbí àkọ́kọ́ tí mo rántí, bàtà òjò aláwọ̀ dúdú tó dé orúnkún ló rà fún un, nítorí omi máa ń kún títì wa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gbé wẹ́dà wá láti jó irin mọ́ fèrèsé kíṣíìnì. Ọdún kan wà tó jẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tí wọ́n pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, bóòtì irin méjì tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn láti inú ni, ọ̀kan fún ilẹ̀kùn ìta, ọ̀kan fún ilẹ̀kùn yàrá. Mọ́mì á fi eékún kan kan ilẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá Títí," á sì gbé e síbi tó yẹ kó wà. Èmi rò pé bí ẹ̀bùn ṣe máa ń rí nìyẹn, pé òórùn irin tuntun ló máa ń ní.

Àmọ́ ọdún ogójì yìí, nǹkan yàtọ̀. Láti bí oṣù kan ni Dádì ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní kí a pe èèyàn. Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló se ìrẹsì ọjọ́ ìbí ara rẹ̀, mo lọ ata títí ojú mi fi ń ta. Àwọn obìnrin mẹ́fà tàbí méje láti ṣọ́ọ̀ṣì wá. Màmá Ńgọ́zí tó ń gbé lókè wa gbé kéèkì wá. Àǹtí Sílífá, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, wá láti Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìborùn funfun rẹ̀. Mọ́mì wọ búbà àti ìró aláwọ̀ ewé, ó fi àtíkè pa ojú, mo sì rí i tó ń wo ẹnu ọ̀nà lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tí Dádì gbé nǹkan náà wọlé láti inú bùùtù ọkọ̀, tó ga dé itan rẹ̀, tí bébà olódòdó ń dán lára rẹ̀, gbogbo àwọn obìnrin pariwo. "Há! Bàbá Títí ti ṣe é lónìí o!" Ẹnì kan ní ìkòkò òdòdó olówó iyebíye ni. Bùnmi ní bèbí ni. Mọ́mì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tú ríbọ́ọ̀nù, ó rọra ń ya bébà náà kó má baà bàjẹ́. Bó ṣe ya á tán ni pupa yọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá dúdú ẹnu rẹ̀ yọ.

Màmá Ńgọ́zí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Jísọ́ọ̀sì!"

Dádì kò gbọ́. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù lọ bí mo bá rántí rẹ̀ lónìí nìyẹn, pé inú ọkùnrin náà dùn débi pé kò gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá náà nínú aṣọ rẹ̀ tó dára, ó ń fi hàn án. "Wò ó, wàá fa píìnì yìí yọ báyìí. Ìdí iná ni kí o kọjú rẹ̀ sí o, má kọjú rẹ̀ sókè. Mo ti ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí irú rẹ̀ nínú gbogbo ilé yìí."

Mọ́mì gbé àgbá náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó dìde dúró. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kò lọ sókè rárá, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa gbọ́ ọ. "Bàbá Títí, bàtà òjò ni kí omi má baà gbé mi lọ. Irin fèrèsé ni kí olè má baà pa mí. Èyí ni kí iná má baà jó mi. Gbogbo ohun tí ẹ ti ń fún mi láti ọjọ́ yìí, kí n má baà kú ni. Mi ò kú o. Mo wà láàyè. Èwo ni ti ẹni tó wà láàyè nínú wọn?"

Ó wọ yàrá lọ. A gbọ́ tí bóòtì irin tí Dádì rà fúnra rẹ̀ wọ ihò rẹ̀ ní káún.

N kò gbọ́ kí ìyá mi dá bàbá mi lóhùn báyẹn rí lójú ènìyàn, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Àwọn obìnrin tẹ orí sínú àwo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń rántí pé àwọn ní ibi tí àwọn ń lọ. Wọn kò gé kéèkì. Dádì ṣì wà níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí píìnì, ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láti ojú oorun. Ó wá wò mí. Ó ní, "Títí, kí ni mo ṣe?" Bàbá mi, tó mọ ohun gbogbo tó lè ṣẹlẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, ló ń bi mí.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, Mọ́mì ṣe gbogbo ohun tó máa ń ṣe. Oúnjẹ kò pẹ́, omi ìwẹ̀ Dádì gbóná lásìkò. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò sí. A jẹun pẹ̀lú ìró ṣíbí. Ní ọjọ́ karùn-ún, bí Dádì ṣe ń gbé mi lọ sílé ìwé, ó dín ohùn rédíò kù, ó ní, "Títí, ìwọ àti mọ́mì rẹ lẹ jọ máa ń wà. Kí ló fẹ́ràn?"

Mo mọ ohun tí Bùnmi fẹ́ràn, mo mọ ẹran tí Dádì fẹ́ràn àti ibi tó fẹ́ràn láti jókòó sí. Ìyá tó bí mi, tó ń di irun mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò mọ ẹyọ ohun kan. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Ó fẹ́ràn kó máa dáná."

Dádì ní, "Èmi náà rò bẹ́ẹ̀." Lọ́dún tó kọjá ni mo bi àwọn ọmọ tèmi ní ìbéèrè kan náà nípa ara mi. Àbíkẹ́yìn mi dáhùn kíákíá pé mo fẹ́ràn kí n máa kígbe. Ẹ̀rín pa àwọn tó kù. Mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo jókòó síbẹ̀ díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Mọ́mì ń bínú yẹn, èmi àti Dádì lọ sọ́jà láti ra ohun tó rẹwà, nítorí ó ti gbọ́ níbi iṣẹ́ pé ohun tó rẹwà ni àwọn obìnrin ń fẹ́. A rí bàtà aláwọ̀ góòlù kan tó ní gìgísẹ̀ gíga. Ọmọbìnrin tó ń tà á bèèrè pé ẹsẹ̀ mélòó. Dádì wò mí. Mo fi ìgboyà sọ pé méjìdínlógójì, nọ́ńbà tí mo rí lára bàtà kan nínú ilé, èyí tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ti Àǹtí Sílífá tó gbàgbé rẹ̀ sọ́dọ̀ wa ni. Nígbà tí Mọ́mì ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ wà níta gbangba. Mo rò pé yóò bínú. Ì bá tilẹ̀ sàn. Ó bọ́ ọ, ó tò ó pọ̀ dáadáa, ó ní, "Ọdún méjìlá ni ẹ ti ń gba orí bàtà mi kọjá lẹ́nu ọ̀nà." Ó wá gbé ojú sókè wo Dádì, kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń wo ọkọ ẹni, bí èèyàn ṣe ń wo àlejò tó ṣi ilé yà ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, dípò kí a yà sílé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì wa ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá, èmi nìkan ló sì bá a lọ. Ilé bàbá Mọ́mì nìyẹn, àwọn ni wọ́n nilẹ̀ níbẹ̀ látijọ́. Àǹtí Sílífá jókòó síwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú ọpọ́n. Dádì kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún un. Ìdọ̀bálẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe.

"Ẹ dákun, Àǹtí," ó ní, "ẹ sọ fún mi. Kí ni Wásílá fẹ́ràn?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tó pe ìyá mi ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé nìyẹn. Àǹtí Sílífá gbọn èèpo ẹ̀gúsí nù lọ́wọ́. Ó ní, "Kẹ̀kẹ́."

"Kẹ̀kẹ́ wo?"

"Kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Inú yẹ̀pẹ̀ yìí ló ti kọ́ ọ, kó tó di pé títì dé. Kò sí ọkùnrin tó lè bá a ní gbogbo àdúgbò yìí. Á sọ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, á nà án báyìí, á máa kọrin. Ìgbà tó wá di wúńdíá ni bàbá wa ní ó tó gẹ́ẹ́, ọmọbìnrin kì í gun kẹ̀kẹ́ kiri ìgboro. Wọ́n tà á. Ọjọ́ méjì ni kò jẹun. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ kẹ̀kẹ́ mọ́."

"Kò sọ fún mi rí," Dádì ní.

"Ṣé ẹ bi í rí?"

Mo rí i tí ìpayà Dádì àtijọ́ ń wọ ojú rẹ̀ padà. "Kẹ̀kẹ́, Àǹtí? Ní Èkó yìí? Pẹ̀lú gbogbo ọkọ̀ epo wọ̀nyí?"

Àǹtí Sílífá tẹ ọwọ́ padà sínú ẹ̀gúsí rẹ̀. Ó ní, "Ohun tó fẹ́ràn lẹ bi mí, Bàbá Títí. Ẹ ò bi mí ní ohun tí ẹ̀yin lè gbà."

Gbogbo ọ̀nà bíbọ̀ ni Dádì fi ń ka ewu fún mi, bíréèkì tó lè já, kòtò, ajá, àwọn ọlọ́kadà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀. Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Alákijà, níbi tí ọkùnrin kan ti ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀. Ó yan ọ̀kan tó pupa rúsúrúsú, tó ní agogo lọ́wọ́ àti ibi ìjókòó irin lẹ́yìn. Ó tẹ bíréèkì rẹ̀ tó ìgbà ogún. Kò dì í ní bébà. Nígbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ó tún mú nǹkan kan jáde láti abẹ́ àga ọkọ̀, akoto líle aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń dé níbi iṣẹ́ wọn. Ó gbé e dání, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó wá dá a padà sábẹ́ àga. Ó ní, "Bí mo bá fún un ní èyí mọ́ ọn, á mọ̀ pé èmi àtijọ́ náà ṣì ni."

Àárọ̀ Sátidé ni. Mọ́mì ń fọṣọ lẹ́yìn ilé, ọṣẹ dé ìgúnpá rẹ̀. Dádì ti kẹ̀kẹ́ náà dé iwájú rẹ̀, ó dúró. Mọ́mì wo kẹ̀kẹ́. Aṣọ tó ń fún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Mo bi Àǹtí Sílífá."

"Ẹ bi í?"

"Mo bi í."

"Ẹ lọ títí dé Ìjẹ̀gun, ẹ bi wọ́n ní ohun tí mo fẹ́ràn?" Ó tún bèèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni pé ìyẹn gan-an ni kò lè gbé mì. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó wọlé lọ. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, mo lọgun, Bùnmi náà lọgun: ṣòkòtò Dádì ló wọ̀! Ìyá wa, tí ṣọ́ọ̀ṣì wa kò gbà kí obìnrin wọ ṣòkòtò, ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò Dádì sókè, ó fi okùn aṣọ di ìbàdí rẹ̀. Àwọn ará òkè ti yọrí lójú fáránda. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá. Kẹ̀kẹ́ náà yẹ̀ sí ọ̀tún, ó yẹ̀ sí òsì, Dádì na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ fi mí sílẹ̀," Mọ́mì ní.

Ó gba ẹnu géètì jáde, ó yà ní kọ́nà, a kò rí i mọ́.

Mo di ọwọ́ Dádì mú. Ó tutù, ó sì tún rin fún òógùn. Ó ń wo kọ́nà náà láìṣẹ́jú. Lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ kan fọn fèrè níbì kan, mo rí i tí gbogbo ara rẹ̀ fò, àmọ́ kò sáré. Ó dúró. Bí mo ti ń dàgbà ni mo ń mọ iye tí ìdúró yẹn ná an. A ti ń rò ó pé kí a lọ wò ó nígbà tí a gbọ́ agogo láti òdìkejì, ó ti yí gbogbo àdúgbò po, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, irun rẹ̀ dìde, ó ń pariwo ohun kan tí a kò gbọ́. Ó sọ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ó nà wọ́n sí afẹ́fẹ́. Dádì dijú.

Nígbà tó tẹ bíréèkì dúró síwájú wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àtíkè kò sí lójú rẹ̀, n kò sì rí i kó rẹwà báyẹn rí. Ó ní, "Bàbá Títí, ẹ gùn ún."

"Èmi?" Dádì wo ilẹ̀. "Mi ò mọ̀ ọ́n gùn. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí láti kékeré."

Mọ́mì náà wò ó pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ọdún méjìlá, òun náà kò bi í rí. Ó fi ọwọ́ gbá irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà. "Ta ní kí ẹ wà á? Ẹ jókòó sẹ́yìn mi."

Mo rò pé yóò kọ̀. Bàbá mi, ẹni ńlá, olóyè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbé ìdí lé irin tóóró yẹn lójú gbogbo ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìyá mi ní ìbàdí, ó di ojú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Màmá Ńgọ́zí pariwo láti òkè pé kí gbogbo ayé jáde wá wò. Kẹ̀kẹ́ náà fì díẹ̀, ó nà ró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹsẹ̀ Dádì gùn jù, ó nà wọ́n síta lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n má baà wọ́ nílẹ̀. Kí wọ́n tó dé kọ́nà, sálúbàtà rẹ̀ kan yọ, ó bọ́ sáàárín títì. Dádì kò sọ fún Mọ́mì pé kó dúró.